Kòkòrò eyín: ta ló rí i, kí ló sì ń jẹ?

Ìyàwó ilé Yorùbá kì í pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Fúnra rẹ̀ ló máa wá orúkọ fún un, ẹ sì wo irú orúkọ tí wọ́n ń yàn: Adúmáadán, Ìbàdíàrán, Eyínfúnjowó, Eyínmẹ́nugún. Owó tí Eyínfúnjowó ń wí kì í ṣe náírà o, owó ẹyọ ni, èyí tó funfun báláú. Ìran tó ń fi eyín sọ ọmọ lórúkọ, ó yẹ kí ìran bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ba eyín jẹ́. Àmọ́ tí ẹ bá béèrè láàárín ọjà, ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kòkòrò ni. Wọn ò sì parọ́. Irú kòkòrò tó jẹ́ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ẹ ti rí wọn rí, àwọn tó máa ń wọ mọ́tò láti ta òògùn kòkòrò eyín. Ohùn wọn á ròkè ju ti kọ̀ńdọ́tọ̀ lọ. Wọ́n á ní kí ẹni tí eyín ń dùn la ẹnu, wọ́n á fi òwú bọ inú ihò eyín náà, wọ́n á sì yọ nǹkan funfun tín-ín-rín kan jáde. "Ẹ wò ó! Òun rèé!" Gbogbo ọkọ̀ á pariwo. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú wọn lọ́nà Ìwó lọ́jọ́ kan, mo sì tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Inú òwú ni nǹkan náà ti wà kí òwú tó dé ẹnu ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe àwa nìkan la gba aràn eyín gbọ́. Àwọn ará Bábílónì ti kọ ọ́ sára wàláà amọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n máa ń da kóró ewéko kan sínú iná, kí ẹni tí eyín ń dùn ya ẹnu sí èéfín rẹ̀. Kóró náà á bẹ́, nǹkan funfun inú rẹ̀ á yọ síta, wọ́n á ní kòkòrò ló já bọ́. Pierre Fauchard, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n ń pè ní baba ìṣègùn eyín òde òní, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1728 pé òun wá kòkòrò yìí títí, òun ò rí i. Ohun kan tún wà tó ń tan èèyàn jẹ. Nínú eyín kọ̀ọ̀kan, mùdùnmúdùn kan wà níbẹ̀ tí iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára wà nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá fà á yọ lódindi, ó máa ń rí bí aràn kékeré. Ẹ̀yà ara yín ni, kì í ṣe àlejò.

Kòkòrò tòótọ́, ojú lásán ò lè rí i. Antonie van Leeuwenhoek, oníṣòwò aṣọ kan ní ìlú Delft ní ilẹ̀ Netherlands, ló kọ́kọ́ rí i. Ní 1683, ó kọ lẹ́tà sí Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù pé òun ha nǹkan funfun kan tó kì bí ìyẹ̀fun pípò kúrò láàárín eyín òun, òun pò ó mọ́ omi, òun wò ó nínú awò amúǹkantóbi tí òun fọwọ́ ara òun ṣe, òun sì rí àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké tó ń sáré káàkiri. Ọkùnrin yìí sì ń fi iyọ̀ fọ eyín rẹ̀ láràárọ̀ o!

Ó lé ní igba ọdún kí ẹnìkan tó so ohun tí Leeuwenhoek rí pọ̀ mọ́ ihò inú eyín. W. D. Miller, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Berlin ní Jámánì, ló tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé rẹ̀ ní 1890. Àyẹ̀wò tó ṣe kò le rárá. Ó kó eyín tí wọ́n ti yọ sínú ìgò pẹ̀lú itọ́ àti búrẹ́dì, ó gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí inú ẹnu. Eyín náà rọ̀. Ó ṣe òmíràn pẹ̀lú itọ́ àti ẹran. Eyín ò rọ̀. Ó tún ṣe òmíràn, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ se itọ́ náà kí gbogbo ohun ẹlẹ́mìí inú rẹ̀ kú. Búrẹ́dì wà níbẹ̀ o, síbẹ̀ nǹkan kan ò ṣe eyín. Ẹ rò ó wò. Itọ́ láìsí búrẹ́dì, kò séwu. Búrẹ́dì láìsí kòkòrò ààyè nínú itọ́, kò séwu. Ìgbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé ni eyín ń fara gbá a. Ní 1924, oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, J. Kilian Clarke, rí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀daràn náà gan-an nínú eyín tó jẹrà, ó sì sọ ọ́ ní Streptococcus mutans.

Kí wá ni kòkòrò yìí ń jẹ? Kì í ṣe eyín. Ṣúgà ló ń jẹ, àti tááṣì tí itọ́ bá ti sọ di ṣúgà. Ásíìdì ló sì ń yà lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rẹ àgbàdo fún ògì rí, ẹ mọ bí omi rẹ̀ ṣe ń kan lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ìbátan àwọn kòkòrò wọ̀nyí ló ń mú un kan, irú ásíìdì kan náà ni wọ́n sì ń ṣe. Ẹ ń rẹ omi ogì sára eyín yín lójoojúmọ́, ẹ ò kàn mọ̀ ni.

Awọ òde eyín, tí àwọn dókítà ń pè ní enamel, ló le jù nínú gbogbo ara èèyàn. Egungun gan-an ò le tó o. Kálísíọ̀mù àti fósífétì ló kún inú rẹ̀, ásíìdì sì ni ọ̀tá àwọn méjèèjì. Tí ẹ bá ní ọmọ nílé, ẹ jẹ́ kó rẹ egungun adìyẹ tín-ín-rín kan sínú fínígà fún bí ọjọ́ mẹ́rin-márùn-ún, kó wá gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́. Á tẹ̀ bí rọ́bà.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì máa ń fi nọ́ńbà díwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó, pH ni wọ́n ń pè é. Omi lásán wà ní 7. Bí nọ́ńbà ṣe ń lọ sílẹ̀ ni kíkan ń pọ̀ sí i. Ẹnu tó wà ní àlàáfíà kì í jìnnà sí 7. Tó bá já wálẹ̀ tó nǹkan bí 5.5, enamel á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ní àwọn ọdún 1940, Robert Stephan ní Amẹ́ríkà wọn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára eyín lẹ́yìn tí èèyàn bá kó omi ṣúgà sẹ́nu tó sì tu ú dànù. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, pH ti já kọjá 5.5. Lẹ́yìn náà ló wá rọra ń gòkè padà. Ó lè gba ogún ìṣẹ́jú, ó sì lè tó wákàtí kan. Itọ́ ló gbé e padà. Itọ́ ń fọ ásíìdì dànù, ó sì tún ń dá kálísíọ̀mù àti fósífétì padà sára eyín. Ìyẹn ni pé eyín ń yọ́, eyín sì ń tún ara rẹ̀ ṣe, lójoojúmọ́ ayé. Ìgbà tí yíyọ́ bá ju àtúnṣe lọ ni ihò ń gbẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká fi ogójì ìṣẹ́jú ṣe ìwọ̀n oúnjẹ kan. Ẹni tó jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, wákàtí méjì ni eyín rẹ̀ fi wà nínú kíkan. Ẹni tó tún fi bísíkíìtì, súìtì, tíì oníṣúgà àti mínírà panu nígbà mẹ́fà sí i, wákàtí mẹ́fà. Àwọn méjèèjì lè jẹ ṣúgà tó dọ́gba o. Ọmọ tó mu mínírà rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ti ṣe eyín rẹ̀ lóore ju ọmọ tó gbé ìgò kan náà dání láti aago méjìlá títí di aago mẹ́rin, tó ń fà á díẹ̀díẹ̀. Gààrí oníṣúgà náà nìyẹn: ẹ mu ún, kẹ́ ẹ mu ún tán, kẹ́ ẹ sì gbé abọ́ kúrò nílẹ̀.

Ìyẹn ò sọ pé kí ṣúgà máa ṣàn bí omi. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí ṣúgà tí à ń bù sí oúnjẹ àti ohun mímu má kọjá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára oúnjẹ òòjọ́, pé tó bá lè dín sí ìdá márùn-ún, ó dáa jù. Ìdá márùn-ún yẹn kò ju nǹkan bíi gíráàmù 25 lọ fún àgbàlagbà. Ìgò mínírà oní-35cl kan ṣoṣo lè ní gíráàmù 35 nínú.

Ọ̀nà tí ayé gbà mọ gbogbo èyí kò dùn ún gbọ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ní ilé ìtọ́jú Vipeholm ní ìlú Lund, Sweden, wọ́n ń fún àwọn aláìsàn tó ní ìpèníjà ọpọlọ ní súìtì tó ń lẹ̀ mọ́ eyín, púpọ̀púpọ̀, láàárín oúnjẹ kan sí èkejì, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ṣúgà ló ń ba eyín jẹ́ lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ wọn. Eyín ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣègbé. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 1954: ṣúgà tí wọ́n jẹ mọ́ oúnjẹ kò ṣe ibi tó bẹ́ẹ̀, èyí tó lẹ̀ mọ́ eyín láàárín oúnjẹ ló ṣọṣẹ́. Ara àwọn èèyàn yẹn ni ìmọ̀ràn tí dókítà ń gbà yín lórí súìtì ti wá.

Ó yẹ ká mọ bí ihò ṣe ń rìn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Enamel kò ní iṣan ìmọ̀lára, nítorí náà ihò lè máa gbẹ́ fún oṣù pípẹ́ láìsí pé ẹ mọ nǹkan kan. Àmì àkọ́kọ́ ni àbàwọ́n funfun kan tó dà bí ẹfun, tí kò dán bí ara eyín yòókù. Níbẹ̀, ó ṣì ṣeé dá padà láìsí ìgbẹ́, láìsí ìdí. Tó bá kọjá enamel, omi tútù àti ohun dídùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ta yín leyín. Tó bá dé mùdùnmúdùn, oorun ti parí nìyẹn, torí òru ló máa ń ro èèyàn jù. Lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ kan, ìrora á dá wáí. Inú èèyàn á dùn, ó ti lọ. Kò lọ o. Mùdùnmúdùn ló kú. Òkú ohun tó wà nínú eyín á máa rà, ọyún á sì wá ọ̀nà gbà jáde láti ìdí eyín, sínú egungun, sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, sí abẹ́ ahọ́n.

Obìnrin kan wà ládùúgbò wa tó ń ta ìrẹsì, kò tíì pé ogójì ọdún. Eyín ìsàlẹ̀ lápá òsì rẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu fún bí ọdún kan, òògùn ìrora ló fi ń tì í. Nígbà tó yá, ìrora lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wú, ó ń le bíi pákó, kò lè gbé itọ́ mì, ohùn rẹ̀ yí padà. Àwọn ará ilé ní ayé ló ń ṣe é, wọ́n gbé e lọ síbi àdúrà fún ọjọ́ méjì. Ó kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta tó mọ́. Àwọn oníṣègùn mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, Ludwig's angina ni wọ́n ń pè é: ọyún eyín ló tàn dé ìsàlẹ̀ ẹnu, tó ti ahọ́n sókè sẹ́yìn, tó dí ọ̀nà èémí. Wákàtí ló ń kà, kì í ka ọjọ́. Tí ẹ bá rí i kí abẹ́ àgbọ̀n èèyàn máa wú, kí gbígbé mì máa ṣòro, kí ibà wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá lẹ ń lọ, àní tó bá jẹ́ aago méjì òru. Àdúrà ṣeé gbà nínú mọ́tò.

Nítorí ìrora yìí náà ni ojú wa ṣe ń rí nǹkan. Mẹkáníìkì kan tí mo mọ̀ fi òwú bọ omi bátìrì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ihò eyín. Ìrora lọ lóòótọ́, torí pé ó jó iṣan ìmọ̀lára náà pa. Ó sì tún jó erìgì, ó jó etí ahọ́n, eyín mẹ́ta ló bá a lọ nígbẹ̀yìn. Ásíìdì ló gbẹ́ ihò náà níbẹ̀rẹ̀. A wá tún lọ bu ásíìdì tó lágbára jù ú lọ sí i. Àwọn mìíràn máa ń tú kápúsù sí méjì kí wọ́n da ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú ihò. Ìyẹ̀fun yẹn kò lè dé ìdí eyín tí ọyún wà. Tó bá sì jẹ́ tẹtirasáíkílìn ni aboyún tàbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ ń gbé mì, eyín ọmọ náà lè yọ pẹ̀lú àwọ̀ tí kò ní lọ mọ́. Ásípírìnì tí wọ́n há sẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín ń bó erìgì ni. Kànáfùrù ní tiẹ̀, òótọ́ wà níbẹ̀: eugenol tó wà nínú òróró rẹ̀ ń mú kí iṣan kú tipiri fúngbà díẹ̀, àwọn dókítà eyín pàápàá ń lò ó nínú ohun tí wọ́n fi ń dí eyín. Àmọ́ kò ní dí ihò fún yín. Ẹ fi òun àti parasítámọ́ọ̀lù, ní ìwọ̀n tí páálí rẹ̀ sọ, dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín, ó parí.

Ó yá, ọ̀rọ̀ fífọ eyín. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ọṣẹ ìfọyín (àwọn àgbà ilé wa ń pe gbogbo rẹ̀ ní Màkílíìnì, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí) kì í ṣe ìfófòó tàbí òórùn mínìtì. Fluoride ni. Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1901, nígbà tí dókítà eyín kan, Frederick McKay, dé Colorado Springs ní Amẹ́ríkà tó bá àwọn ọmọ ìlú tí eyín wọn ní àbàwọ́n pípọ́n bí omi ìpata. Kò wuni, àmọ́ eyín wọ̀nyẹn kì í tètè jẹrà. Ọgbọ̀n ọdún ló gbà kí wọ́n tó mọ̀, ní 1931, pé fluoride tó pọ̀ jù nínú omi ibẹ̀ ló fà á. Díẹ̀ rẹ̀ ń gbèjà eyín, àpọ̀jù rẹ̀ ń bà á láwọ̀ jẹ́. Ní 1945, ìlú Grand Rapids ní Michigan bẹ̀rẹ̀ sí í fi díẹ̀ sínú omi ẹ̀rọ, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é láyé. Ní Nàìjíríà níbí, ẹ lè rí àbàwọ́n náà lẹ́nu àwọn ará Langtang ní Ìpínlẹ̀ Plateau, torí omi abẹ́ ilẹ̀ wọn. Ní tiwa, inú ọṣẹ ìfọyín la ti ń rí fluoride. Ó máa ń wọnú enamel nígbà tó bá ń tún ara rẹ̀ ṣe, enamel tó bá sì ti ní in nínú kì í tètè yọ́ ní 5.5 mọ́, ó di nǹkan bí 4.5. Ẹ yí páálí yín padà kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn: ohun tẹ́ ẹ ń wá ni 1000 sí 1500 ppm, kí nọ́ńbà NAFDAC sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ìṣẹ́jú méjì. Ti alẹ́ ṣe pàtàkì ju ti òwúrọ̀ lọ, mo mọ̀ pé ìyẹn á ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu, torí nílé wa, a kì í kí àgbà láìfọ ẹnu, ṣùgbọ́n a lè fi ọbẹ̀ sùn. Tí ẹ bá sùn, itọ́ á dín kù gan-an, kò sí ẹni tó máa gbé pH padà. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe èyí tó le bíi ti ìfọṣọ. Ẹ má gbàgbé ẹ̀yìn eyín lápá ahọ́n. Tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ tu ìfófòó dànù, kẹ́ ẹ má sì fi omi fọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Ó máa ń ṣe èèyàn bákan ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, mo mọ̀. Àmọ́ fluoride tí ẹ fi owó rà ni omi yẹn ń gbé lọ. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ọsàn tàbí mu ohun tó kan, ẹ fún itọ́ ní bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó fọ eyín, torí ojú enamel ṣì rọ̀ nígbà yẹn. Èédú lílọ̀ àti eérú ń mú eyín funfun nítorí pé wọ́n ń fá a ni.

Pákò ńkọ́? Mi ò sí lára àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín. Pákò Ìjẹ̀bú, tí orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ń jẹ́ Massularia acuminata, orín àtà, igi ewúro, gbogbo wọn ń gbo ìdọ̀tí kúrò lára eyín, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní èròjà tó ń bá kòkòrò jà. Kódà, nínú iṣẹ́ lórí orín àtà ní Yunifásítì Ifẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé omi gbòǹgbò rẹ̀ ń ṣe nǹkan sí ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀làdìde. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abáyọ̀mí Ṣófowórà wà lára àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1971. Ìṣòro pákò ni pé ojú eyín níwájú ló ń fọ̀ dáadáa. Ẹ̀yìn eyín àti ìgun inú lọ́hùn-ún máa ń ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá sì rún un láti ìdájí títí di aago mẹ́wàá, tó ń fi í gẹ́ erìgì kíkankíkan, erìgì á máa sá sókè. Pákò láàárọ̀, búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ lálẹ́: ohun tí màmá mi ń ṣe nìyẹn, eyín rẹ̀ sì ṣì pé ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta lọ.

Tí erìgì yín bá ń ṣẹ̀jẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń fọ eyín, ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á yẹra fún ibẹ̀. Ìdọ̀tí tó wà níbẹ̀ ló mú kó máa ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́ dáadáa, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ó sábà máa ń dáwọ́ dúró. Tí ìdọ̀tí bá pẹ́, á le bí òkúta, búrọ́ọ̀ṣì ò ní ká a mọ́, àfi irinṣẹ́ dókítà. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ pé, "Ẹ má lọ o, tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ fún yín, eyín á máa mì." Ẹ fara balẹ̀. Òkúta yẹn ti ba egungun tó di eyín mú jẹ́ kó tó di pé ẹ lọ. Òun gan-an ló wá ń so eyín pọ̀ mọ́ra wọn bíi sìmẹ́ǹtì. Tí wọ́n bá kó o kúrò, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹ má fi ọ̀rọ̀ erìgì ṣeré: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tó ga ń ba erìgì jẹ́, erìgì tó bàjẹ́ sì ń mú kí ṣúgà náà ṣòro láti kápá. Ẹni tó ń mu sìgá, erìgì tiẹ̀ lè máa bàjẹ́ láìṣẹ̀jẹ̀ rárá.

Lórí àwọn ọmọdé, ohun kan ni mo fẹ́ tẹnu mọ́. Nígbà tí ọmọ bá tó bí ọdún mẹ́fà, eyín ńlá kan á hù lẹ́yìn gbogbo eyín ọmú rẹ̀, lókè nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún lósì. Eyín kankan ò yọ kó tó hù, nítorí náà àwọn òbí máa ń rò pé eyín ọmú ni, pé á ṣì yọ. Kò ní yọ. Òun ló máa fi jẹun dọjọ́ alẹ́, òun sì ni mo máa ń rí tó ti gbẹ́ ihò kí ọmọ tó wọ girama. Ìwọ̀n ọṣẹ tó dà bí kóró ìrẹsì kan ti tó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, láti ìgbà tí eyín àkọ́kọ́ bá ti yọ. Láti ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, kó tó kóró ẹ̀wà kan. Ẹ má fi fídà tó ní mílíìkì oníṣúgà sí ọmọ lẹ́nu sùn. Eyín híhù kì í sì í fa ìgbẹ́ gbuuru àti ibà líle. Tí ẹ bá rí i, ẹ wá ìdí rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ìparí 2008 wọ 2009, májèlé diethylene glycol wà nínú òògùn eyín híhù olómi kan tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà. Àwọn ọmọ tó kú lé ní ọgọ́rin.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ fi fáìlì la èjí, ẹ jọ̀ọ́, enamel kì í hù padà. Èjí tí Ọlọ́run fi síbẹ̀ dùn ún wò, èyí tí wọ́n fi irin là ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ásíìdì ni.

Kí n tó lọ: tí ọmọ bá ṣubú ní ibi bọ́ọ̀lù, tí eyín àgbà rẹ̀ bá yọ lódindi, ẹ má sọ ọ́ sórí òrùlé. Ẹ di orí rẹ̀ mú, ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò. Tó bá dọ̀tí, ẹ fi mílíìkì tàbí omi tútù ṣàn án fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ẹ má fi ọṣẹ, ẹ má fá a. Tí ẹ bá lè kì í padà sínú ihò rẹ̀, ẹ kì í, kí ọmọ rọra gé aṣọ mọ́ ọn jẹ. Tí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ jù ú sínú mílíìkì, kì í ṣe inú omi, kẹ́ ẹ sì sáré lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà eyín tó wà nítòsí. UCH n'Íbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti OAUTHC n'Ílé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín gbogbo. Láàárín wákàtí kan ló dáa jù, bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ò bá ṣeé ṣe. Tó bá jẹ́ eyín ọmú, ẹ má kì í padà rárá o, ó lè ṣe èyí tó ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀ léṣe. Ìyẹn ni ẹ lè sọ sórí òrùlé.